Eré àti Ẹ̀tàn nínú Don Quixote ti Miguel de Cervantes

Ní ọdún 1615, ìwé méjì tí Miguel de Cervantes kọ jáde ní ìlú Madrid. Èkíní ni àkójọ eré-onítàn mẹ́jọ pẹ̀lú eré kéékèèké mẹ́jọ, irú èyí tí a máa ń ṣe láàrin ìpín kan àti èkejì eré ńlá kí òǹwòran má baà sú. Lára àkọlé ìwé náà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ síta pé ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe àwọn eré náà lórí ìtàgé rí. Ìwé kejì ni apá kejì ìtàn Don Quixote, ọkùnrin àgbàlagbà ará La Mancha tí ó ka ìwé ìtàn àwọn akọni ẹlẹ́ṣin títí orí rẹ̀ fi dàrú, tí ó gbé ìhámọ́ra àwọn baba ńlá rẹ̀ wọ̀, tí ó sì jáde láti máa gbèjà àwọn tí a rẹ́ jẹ. Ẹni ọdún 68 ni Cervantes nígbà náà. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ó fi kú. Ìwé eré náà kò mú u dé orí ìtàgé tí ó ń wá. Èkejì ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, inú rẹ̀ sì ni tíátà tí ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ wọ̀ sí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nípa ìtàn náà ni wèrè tí ó bá ẹ̀rọ ìlọkà jà, tí ó pè é ní òmìrán. Ọ̀ràn ẹ̀rọ ìlọkà náà kò ju ojú ewé díẹ̀ lọ. Ohun tí ó gba ilẹ̀ jù ú lọ fíìfíì ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí orí wọn pé: àlùfáà tí ó wọ aṣọ obìnrin, onígbàjámọ̀ tí ó fi ìrù màlúù ṣe irùngbọ̀n, akẹ́kọ̀ọ́ gboyè tí ó sọ ara rẹ̀ di akọni, ìjòyè ńlá tí ó sọ ààfin rẹ̀ di ìtàgé. Àwọn wọ̀nyí ni òṣèré inú ìwé náà. Don Quixote ni wọ́n ń ṣeré fún, òun nìkan ni kò sì mọ̀ pé eré ni. Èdè Yorùbá ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ fún ọ̀ràn yìí. Eré ni èyí tí òṣèré àti òǹwòran jọ mọ̀ sí eré. Ẹ̀tàn ni èyí tí apá kan ṣoṣo mọ̀. Aṣọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀. Ohun tí Cervantes ń tọpa rẹ̀ láti apá kìíní dé apá kejì ni bí èkíní ṣe ń di èkejì, àti ta ni ó ń san owó rẹ̀ nígbà tí ó bá rí bẹ́ẹ̀.

Àpò kan, irùngbọ̀n mẹ́rin

Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé eré ọdún 1615 náà, Cervantes rántí ìgbà tí ó wà ní ọmọdé tí ó ń wo Lope de Rueda, òṣèré alárìnjó tí ń ti ìlú dé ìlú. Gbogbo ohun èlò olórí òṣèré nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wí, wọ inú àpò kan: ẹ̀wù awọ funfun mẹ́rin, irùngbọ̀n àti irun orí àtọwọ́dá mẹ́rin, ọ̀pá darandaran mẹ́rin, ó pọ̀ ó kéré. Bẹ́ńṣì mẹ́rin tí a tẹ́ pákó lé ni ìtàgé, aṣọ àtijọ́ tí a fi okùn méjì fà sọ́tùn-ún sósì sì ni aṣọ ìkélé. Òǹwòran rí bẹ́ńṣì, ó rí okùn, ó mọ̀ pé ẹni tí ó wà nínú irùngbọ̀n kì í ṣe arúgbó, síbẹ̀ ó gbà láti wò ó bí arúgbó. Kò sí ohun tí a fi pa mọ́ fún un.

Cervantes kò tètè di òǹkọ̀wé eré. Ó jagun ní Lepanto ní ọdún 1571, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì bàjẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọlọ́ṣà orí omi mú un ní ọdún 1575, ó sì lo ọdún márùn-ún ní ìgbèkùn ní Algiers kí àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Mẹ́talọ́kan tó san owó ìràpadà rẹ̀ ní ọdún 1580. Nígbà tí ó fi máa padà dé, ọ̀ràn eré ti yí padà ní Madrid. Wọ́n ti ń sọ àgbàlá tí ó wà láàrin àwọn ilé di ilé eré: Corral de la Cruz ní ọdún 1579, Corral del Príncipe ní ọdún 1583. Ojúmọmọ ni wọ́n ń ṣeré níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí kò lówó dúró nísàlẹ̀, àwọn obìnrin ní ibi tiwọn lọ́tọ̀, àwọn ọlọ́lá sì ń wo eré láti ojú fèrèsé àwọn ilé tí ó yí àgbàlá ká. Apá kan owó ìwọlé ń lọ sí ilé ìwòsàn àwọn tálákà, èyí kò sì jẹ́ kí ó rọrùn fún àwọn àlùfáà tí ó kórìíra tíátà láti pa á rẹ́. Ọba Felipe Kejì fòfin de eré ní ọdún 1598. Nígbà tí ó fi di ọdún 1599, tí ọba náà ti wàjà, àwọn ilé eré ti tún ṣí.

Cervantes kọ eré fún àwọn àgbàlá wọ̀nyí. Lára èyí tí ó ṣẹ́kù ni eré lórí ìgbésí ayé àwọn òǹdè Algiers àti èyí tí ó dá lórí ìparun ìlú Numancia. Lẹ́yìn náà ni Lope de Vega dé, tí ó gba ìtàgé Sípéènì tán. Ní ọdún 1609, Lope tilẹ̀ fi ewì gbèjà ara rẹ̀ pé àwọn ará ìlú ni ó ń sanwó, nítorí náà ohun tí yóò dùn mọ́ wọn ni ó yẹ kí òun kọ, kí òfin àwọn àgbà tì í. Ìbínú Cervantes sí èyí fojú hàn ní orí 48 apá kìíní Don Quixote, níbi tí àlùfáà kan àti àlejò rẹ̀ ti jókòó lójú ọ̀nà tí wọ́n ń bu ẹnu àtẹ́ lu eré ìgbà náà. Èyí tí ó dunni jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ohun tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ọdún 1615: òǹtàwé kan sọ fún un pé olórí òṣèré kan ti wí pé a lè retí ohun púpọ̀ láti inú ọ̀rọ̀ geere rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má retí nǹkan kan láti inú ewì rẹ̀. Eré ìgbà náà, ewì ni wọ́n fi ń kọ ọ́.

Wèrè tí ó mọ eré ṣe

Don Quixote fúnra rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń rí tí ó ń múra bí òṣèré. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi wá orúkọ fún ẹṣin rẹ̀, ọjọ́ mẹ́jọ fún tirẹ̀. Àṣíborí rẹ̀ kò ní ìbòjú, ó sì fi páálí ṣe ọ̀kan sí i. Ó yọ idà, ó dán an wò, ó sì fọ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó tún un ṣe, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ há inú rẹ̀, kò sì dán an wò mọ́. Ẹni tí ó ya wèrè tán ì bá tún gbé idà. Ẹni tí orí rẹ̀ pé ì bá ju páálí nù. Don Quixote ṣe bí òṣèré ṣe ń ṣe sí ohun èlò ìtàgé: ó mọ ibi tí kò yẹ kí a fọwọ́ kàn. Ní orí 25, nígbà tí ó wà ní orí òkè Sierra Morena, ó sọ fún Sancho Panza, ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀, pé òun fẹ́ ya wèrè nítorí ìfẹ́ bí àwọn akọni inú ìwé ti ṣe, àti pé kò sí iyì nínú kí ènìyàn ní ìdí kí ó tó ya wèrè. Ó bọ́ ṣòkòtò, ó sì tàkìtì lẹ́ẹ̀mejì lójú Sancho. Wèrè ni, ó sì ń ṣe eré wèrè.

Onílé èrò tí ó kọ́kọ́ gbà á sílé rí i kíá pé orí ọkùnrin yìí kò pé, ó sì pinnu láti fi pa ẹ̀rín. Don Quixote fẹ́ kí ó fi òun jẹ oyè akọni. Onílé èrò mú ìwé tí ó ń kọ owó koríko àti ọkà bálì sí, ó ń ka á bí ẹni tí ń gbàdúrà, aṣẹ́wó méjì dúró tì í pẹ̀lú ọmọ kékeré tí ó mú àbẹ́là dání, wọ́n sì fi idà gbá àlejò wọn lọ́rùn gẹ́gẹ́ bí ìlànà. Ẹ̀tàn ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí oyè jíjẹ parí, onílé èrò jẹ́ kí ó máa lọ láìgba owó ibùwọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti jẹ̀gbádùn eré, ó sì san án.

Ìwà yìí tún hàn ní orí 45, nígbà tí gbogbo àwọn tí ó wà ní ilé èrò mìíràn dìbò bóyá àwo idẹ tí Don Quixote gbà lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ kan lójú ọ̀nà jẹ́ àwo tàbí àṣíborí wúrà. Gbogbo wọn mọ̀ pé àwo ni, wọ́n sì ń fi ojú líle jẹ́rìí pé àṣíborí ni. Onígbàjámọ̀ tí ó ni àwo dúró láàrin wọn, ó fẹ́ sunkún. Eré ni fún ogún ènìyàn, ẹ̀tàn ni fún ẹnì kan, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Àlùfáà abúlé Don Quixote ni ó pe onígbàjámọ̀ náà sí kọ̀rọ̀ tí ó fún un ní owó réàlì mẹ́jọ. Cervantes kì í gbàgbé iye tí nǹkan jẹ́.

Ọmọ-ọba láti Guinea

Àlùfáà yìí kan náà àti onígbàjámọ̀ abúlé wọn ni ó kọ́kọ́ dá eré kalẹ̀ láti fi mú ọ̀rẹ́ wọn padà sílé. Wọ́n yá aṣọ obìnrin lọ́wọ́ ìyàwó onílé èrò, wọ́n sì fi ẹ̀wù tuntun àlùfáà ṣe ìdúró. Àlùfáà wọ aṣọ náà, ìtìjú mú un pé kò yẹ fún ẹni mímọ́, ó bọ́ ọ. Orí bá wọn ṣe é, wọ́n bá Dorotea pàdé nínú igbó. Ọmọ àgbẹ̀ olówó ni Dorotea. Don Fernando, ọmọ ìjòyè ńlá, ti ṣèlérí ìgbéyàwó fún un, ó ti bá a sùn, ó sì ti fi í sílẹ̀. Òun náà wọ aṣọ ọkùnrin, ó sá wọ inú òkè. Ó ní òun ti ka ọ̀pọ̀ ìwé akọni, òun sì mọ bí obìnrin tí a rẹ́ jẹ ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Ó di Micomicona, ọmọ-ọba tí òmìrán lé kúrò nílé. Nígbà tí ó gbàgbé orúkọ tí wọ́n fún un, àlùfáà rán an létí bí ẹni tí ó fara pa mọ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Nígbà tí ó ní Osuna ni ọkọ̀ òun ti gúnlẹ̀, ìlú tí kò sí létí òkun, àlùfáà tún bá a fi ọ̀rọ̀ dí i. Ọ̀rọ̀ òmìrán kì í ṣe òótọ́, ṣùgbọ́n ẹkún obìnrin tí ọlọ́lá rẹ́ jẹ kò ṣòro fún Dorotea láti wá, nítorí tirẹ̀ ni ó ń sun.

Inú eré yìí ni Áfíríkà ti wọ ìwé náà. Micomicón ni wọ́n pe ìjọba ọmọ-ọba náà, orúkọ tí ọ̀bọ wà nínú rẹ̀, nítorí mico ni ọ̀bọ ní èdè Sípéènì. Àlùfáà sọ fún Sancho pé Guinea ni ó ti wá; níbòmíràn, Etiópíà ni. Fún àwọn tí ń ṣeré, ọ̀kan náà ni méjèèjì, ibi tí ó jìn tí ẹnikẹ́ni kò lè lọ wádìí. Inú Sancho kọ́kọ́ bàjẹ́ pé aláwọ̀ dúdú ni àwọn tí òun yóò jọba lé lórí. Lẹ́yìn náà ni ó gbèrò pé kò sí ohun tí ó ṣòro nínú kí òun kó wọn wá sí Sípéènì, kí òun tà wọ́n, kí àwọ̀ dúdú wọn di fàdákà àti wúrà, kí òun sì fi owó náà ra oyè tí òun yóò máa jẹ títí ọjọ́ ayé òun.

Èrò yìí kò ti inú ìwé akọni jáde. Ọjà ni ó ti jáde. Seville, ibi tí wọ́n ti fi Cervantes sẹ́wọ̀n ní ọdún 1597 lórí ìṣirò owó orí tí ó gbà, wà lára àwọn ìlú tí a ti ń ta ọmọ Áfíríkà jù ní Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Guinea sì ni orúkọ tí wọ́n fi ń kó etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pọ̀ láìya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀. Kò yẹ kí a ti ìtorí èyí fa orúkọ Yorùbá wọ inú èrò Sancho. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni a kó ọ̀pọ̀ jù lọ lára àwọn Yorùbá tí ó di Lùkùmí lọ sí Cuba tí ó wà lábẹ́ Sípéènì, ó lé ní igba ọdún lẹ́yìn ìwé yìí. Síbẹ̀, òǹkàwé Yorùbá kò lè ka ojú ewé náà kí ó sì rẹ́rìn-ín bí ará Madrid ọdún 1605 ṣe rẹ́rìn-ín. Ìjọba Micomicón jẹ́ eré. Títa ènìyàn kì í ṣe eré, Sancho nìkan kọ́ sì ni ó mọ iye rẹ̀ lórí.

Ìgbẹ̀yìn ọgbọ́n àlùfáà ni àgò onígi. Wọ́n fi ìbòjú bojú, wọ́n ká Don Quixote mọ́ ojú oorun, wọ́n dè é, wọ́n sì gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà. Onígbàjámọ̀ yí ohùn padà, ó sọ àsọtẹ́lẹ̀ pé àdììtú ni èyí, ire ni yóò sì yọrí sí. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí èrò kún ojúde, ni kẹ̀kẹ́ náà wọ abúlé.

Sansón Carrasco, akẹ́kọ̀ọ́ gboyè ará abúlé náà, gbìyànjú irú rẹ̀ nínú apá kejì. Ó di Akọni Dígí, kí ó lè ṣẹ́gun Don Quixote, kí ó sì pàṣẹ fún un pé kí ó padà sílé. Aládùúgbò Sancho kan tẹ̀ lé e pẹ̀lú imú páálí ràbàtà. Don Quixote ni ó ṣẹ́gun. Bí Carrasco ṣe ń wá ẹni tí yóò to egungun ìhà rẹ̀, ó sọ pé kì í ṣe ìwòsàn aládùúgbò òun ni òun ń wá mọ́, ẹ̀san ni. Nígbà tí ó tún padà wá gẹ́gẹ́ bí Akọni Òṣùpá Funfun ní etíkun Barcelona, tí ó sì borí, ó sọ pé ìwòsàn aládùúgbò òun ni òun ń wá.

Ọmọlangidi àti àwọn tí kò rí nǹkan kan

Nínú apá kejì, Don Quixote kì í sábà pe ilé èrò ní ààfin mọ́. Àwọn ẹlòmíràn ni ó ń pè é bẹ́ẹ̀ fún un. Sancho ni ó ṣáájú: ó na ọwọ́ sí ọmọbìnrin àgbẹ̀ kan tí ó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó búra pé Dulcinea, olólùfẹ́ ọ̀gá òun, ni. Don Quixote rí ọmọ àgbẹ̀, ó sì gbà pé àwọn oṣó ni ó ba ojú òun jẹ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pàdé kẹ̀kẹ́ àwọn òṣèré tòótọ́ tí ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn ní àsìkò ọdún Corpus Christi: Ikú, áńgẹ́lì, ọba, Sàtánì tí ń wa kẹ̀kẹ́. Aṣọ eré ṣì wà lára wọn nítorí pé abúlé tí ó kàn kò jìnnà. Ẹni tí ń wa kẹ̀kẹ́ náà ṣàlàyé fún un, Don Quixote sì gbà lójú ẹsẹ̀. Ó tilẹ̀ ní láti kékeré ni òun ti fẹ́ràn eré ìbòjú. Ẹni tí ó jẹ́wọ́ pé òṣèré ni òun kò lè tan wèrè yìí jẹ.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Pedro yàtọ̀. Ó dé ilé èrò pẹ̀lú ọ̀bọ aríran àti àpótí ọmọlangidi, aṣọ àwọ̀ ewé bo ojú rẹ̀ kan. Réàlì méjì ni ìbéèrè kan. Ọ̀bọ náà kò mọ ọjọ́ iwájú, ohun tí ó ti kọjá àti èyí tí ó wà nílẹ̀ ni ó mọ̀, èyí kò sì jẹ́ ìyanu, nítorí ọ̀gá rẹ̀ ti máa ń wádìí gbogbo ọ̀rọ̀ abúlé kí ó tó wọ ibẹ̀. Nígbà tí eré ọmọlangidi bẹ̀rẹ̀, ìtàn Gaiferos tí ó lọ gba ìyàwó rẹ̀ Melisendra lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí, Don Quixote kọ́kọ́ jókòó bí alárìíwísí: ó ní agogo kọ́ ni wọ́n ń lù ní ìlú àwọn Mùsùlùmí, ìlù àti fèrè ni. Láìpẹ́, ó fa idà yọ, ó sì gé àwọn ọmọlangidi wélewèle kí tọkọtaya náà lè ráyè sá lọ. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó jókòó, wọ́n ka ọmọlangidi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì sanwó wọn: 40 réàlì àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin réàlì kan, pẹ̀lú méjì sí i fún wàhálà mímú ọ̀bọ tí ó sá. Orí tí ó tẹ̀ lé e ni òǹkàwé ti mọ̀ pé Ọ̀gá Pedro ni Ginés de Pasamonte, ọ̀daràn tí Don Quixote fúnra rẹ̀ tú sílẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n ní apá kìíní.

Ó yẹ kí a ka orí yìí pọ̀ mọ́ ọ̀kan nínú àwọn eré kéékèèké ọdún 1615, El retablo de las maravillas. Àwọn oníjìbìtì méjì wọ abúlé kan, wọ́n ní eré àwọn jẹ́ ìyanu: ẹni tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ Júù tàbí ti Mùsùlùmí lára, tàbí tí a kò bí láàrin ìgbéyàwó, kò ní í rí i. Kò sí nǹkan kan lórí ìtàgé. Gbogbo àgbà abúlé ń pariwo pé àwọn ń rí màlúù, àwọn ń rí eku, òjò ń pa àwọn. Ní Sípéènì ìgbà náà, ẹ̀rí pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn mọ́ lè sọ ẹni tí yóò rí iṣẹ́, ẹni tí yóò wọ ẹgbẹ́, ẹni tí wọn yóò fura sí. Wèrè rí ohun tí kò sí, ó sì sanwó rẹ̀. Àwọn àgbà tí orí wọn pé kò rí nǹkan kan, ìbẹ̀rù ni wọ́n fi ń jẹ́rìí pé àwọn rí i.

Ìjòyè àti aya rẹ̀

Láti orí 30 apá kejì ni Don Quixote àti Sancho ti bọ́ sọ́wọ́ ìjòyè ńlá kan àti aya rẹ̀, tí Cervantes kò dárúkọ wọn. Wọ́n ti ka apá kìíní ìwé náà, nítorí náà wọ́n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn wọ́n. Àlùfáà abúlé yá aṣọ. Ìjòyè kò yá nǹkan kan. Ó ní ìránṣẹ́, ó ní igbó, ó ní àwọn onílù àti oníná ìbọn. Àlùfáà ilé rẹ̀ nìkan ni ó bínú dìde nídìí oúnjẹ, tí ó ní kò yẹ kí ẹni tí orí rẹ̀ pé máa bu epo sí iná wèrè. Ó sì jáde. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ korò, Cervantes kò sì fi ojú rere wò ó, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó wí i.

Lóru nínú igbó, oṣó Merlin jáde pẹ̀lú Dulcinea, tí ọmọ-ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan wọ aṣọ rẹ̀, ó ní àdììtú tí ó dè é kò ní í tú àfi bí Sancho bá fi pàṣán na ara rẹ̀ ní ẹgba 3,300. Sancho kọ̀, Ìjòyè ní bí ó bá kọ̀, kò ní í rí ìlú tí òun ṣèlérí fún un láti ṣàkóso. Ara Sancho ni wọ́n fẹ́ kí ó fi san owó eré wọn. Ó rí ọgbọ́n dá sí i lẹ́yìn ọ̀la: Don Quixote gbà láti san mẹ́rin-mẹ́rin fún réàlì kan, 825 réàlì lápapọ̀, Sancho wọ inú òkùnkùn, ó ń na àwọn igi, ó sì ń kérora bí ẹni tí ń kú lọ.

Ẹ̀fẹ̀ ẹṣin onígi Clavileño náà wà níbẹ̀. Wọ́n di àwọn méjèèjì lójú, wọ́n fi ẹwìrì fẹ́ atẹ́gùn sí wọn, wọ́n ní wọ́n ń fò lójú ọ̀run, wọ́n sì ti iná bọ ìrù ẹṣin náà títí ó fi bú gbàù. Sancho dìde, ó ní òun yọ́jú, òun rí ayé bí hóró músítádì, òun sì bá ewúrẹ́ méje ojú ọ̀run ṣeré. Don Quixote rọra sọ sí i létí pé bí ó bá fẹ́ kí òun gba èyí gbọ́, kí òun náà gba ohun tí òun sọ pé òun rí nínú ihò Montesinos gbọ́. Kò sí ibòmíràn nínú ìwé náà tí ọ̀gá àti ọmọ-ọ̀dọ̀ ti sún mọ́ ara wọn tó báyìí.

Nígbà tí Sancho dé ìlú tí wọ́n pè ní erékùṣù Barataria, abúlé kan tí ó tó ẹgbẹ̀rún ìdílé, gbogbo ètò ni wọ́n ti ṣe kí wọ́n lè rí i kí ó ṣe bí òmùgọ̀. Àwọn arúgbó méjì mú ẹjọ́ wá. Èkíní ní òun yá èkejì ní owó wúrà mẹ́wàá. Èkejì fún ẹni tí ó yá a lówó ní ọ̀pá rẹ̀ mú dání, ó búra pé òun ti dá owó náà padà, ó sì gba ọ̀pá rẹ̀. Sancho ní kí wọ́n la ọ̀pá náà, owó wúrà mẹ́wàá sì jábọ́. Olórí àwọn ìránṣẹ́ Ìjòyè, ẹni tí ó ń darí eré náà, jẹ́wọ́ pé ẹ̀fẹ̀ ti ń di òótọ́ lójú àwọn. Síbẹ̀ wọn kò dúró. Dókítà wọn ń gba oúnjẹ lẹ́nu Sancho; ní òru ọjọ́ keje, wọ́n pariwo ogun, wọ́n dì í sáàrin apata méjì bí ìjàpá, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi dákú. Nígbà tí ó jí, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó lọ bá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, ó fẹnu kò ó níwájú orí, ó sì béèrè ọkà bálì díẹ̀ fún un, pẹ̀lú ààbọ̀ wàràkàṣì àti ààbọ̀ búrẹ́dì fún ara rẹ̀.

Doña Rodríguez nìkan ni kò ṣeré ní ààfin náà. Ó jẹ́ obìnrin àgbà láàrin àwọn tí ń ṣe ìtọ́jú aya Ìjòyè. Ọmọ àgbẹ̀ olówó kan ti tan ọmọbìnrin rẹ̀ pẹ̀lú ìlérí ìgbéyàwó, ó sì kọ̀ ọ́. Ìyá náà ti bẹ Ìjòyè títí. Ìjòyè di etí, nítorí pé bàbá ọmọkùnrin náà ni ó ń yá a lówó, tí ó sì ń ṣe onídùúró fún àwọn gbèsè rẹ̀. Lóru, ó mú àbẹ́là, ó lọ bá Don Quixote nínú yàrá. Òun nìkan nínú gbogbo ilé náà ni ó gbà lóòótọ́ pé akọni ni, nítorí pé òun nìkan ni ó nílò akọni. Ọ̀rọ̀ tí Dorotea fi ṣe eré ní apá kìíní ti padà wá, ó sì ti bọ́ aṣọ eré sílẹ̀.

Ìjòyè sọ ọ́ di eré. Ó ṣètò ìjà kan ní gbangba. Ọmọkùnrin náà ti sá lọ sí Flanders, nítorí náà ó fi ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ kan, Tosilos, sínú ìhámọ́ra dípò rẹ̀, ó kọ́ ọ bí yóò ṣe ṣẹ́gun Don Quixote láìpa á, ó sì yọ irin orí ọ̀kọ̀ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n Tosilos rí ọmọbìnrin náà, ọkàn rẹ̀ fà sí i, ó sì kéde níwájú gbogbo èrò pé òun gbà pé wọ́n ṣẹ́gun òun, òun yóò fẹ́ ẹ. Ìyá àti ọmọ pariwo nígbà tí wọ́n rí ojú rẹ̀ pé ẹ̀tàn ni èyí. Ọmọbìnrin náà rò ó síwá sẹ́yìn, ó ní ó sàn kí òun jẹ́ ìyàwó ọmọ-ọ̀dọ̀ ní òtítọ́ ju kí òun jẹ́ àlè ọlọ́lá tí ó tan òun jẹ. Don Quixote ní àwọn oṣó ni ó yí ojú ọkọ ìyàwó padà. Ó dà bíi pé eré Ìjòyè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì ti di ohun rere.

Ní orí 70, Cervantes gbé e sẹ́nu Cide Hamete, òpìtàn Lárúbáwá tí ó ní òun ni ó kọ ìtàn náà, pé àwọn tí ń tan ènìyàn báyìí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wèrè ju àwọn tí wọ́n ń tàn lọ. Ìdájọ́ náà tọ́, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ ju ìròyìn tí ó ti ṣáájú rẹ̀ ní orí 66. Don Quixote ń padà bọ̀ wálé láti Barcelona gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a ṣẹ́gun, nígbà tí Tosilos, tí ó ń mú lẹ́tà Ìjòyè lọ, pàdé wọn lójú ọ̀nà. Ó ní bí Don Quixote ṣe kúrò ní ààfin ni Ìjòyè ti ní kí wọ́n lu òun ní ọgọ́rùn-ún igi, nítorí pé òun kò ṣe bí wọ́n ti kọ́ òun kí òun tó wọ ojú ìjà. Ọmọbìnrin náà ti wọ ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn. Doña Rodríguez ti padà sí Castile.

Don Quixote kò gbà pé Tosilos ni ẹni tí ó ń bá òun sọ̀rọ̀. Ó ní àdììtú ṣì wà lójú rẹ̀, ó sì lọ dúró níwájú. Sancho jókòó sórí koríko pẹ̀lú ọmọ-ọ̀dọ̀ náà, wọ́n tú àpò oúnjẹ. Tosilos ní ó dájú pé wèrè ni ọ̀gá Sancho. Ní èdè Sípéènì, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó dúró fún ohun tí ó dájú àti fún gbèsè jíjẹ, gbèsè sì ni Sancho mú nínú rẹ̀: ọ̀gá òun kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, ó ń san gbogbo rẹ̀, pàápàá níbi tí ó bá jẹ́ pé wèrè ni owó tí a ń ná. Wọ́n jẹ gbogbo ohun tí ó wà nínú àpò náà tán. Nígbà tí kò ku nǹkan kan, wọ́n lá ìdì lẹ́tà Ìjòyè, nítorí pé ó ń rùn bíi wàràkàṣì.